Gíláàsì Kọ̀, Kò Wálẹ̀: Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ọ̀nà Iná Rẹ̀ Wò

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Camry aláwọ̀ eérú kan yọ sí ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà Ọwọ́dé sí Ìlaró. Ìyá oníṣòwò gààrí ló wà nídìí ọkọ̀. Ó di àpò gààrí sẹ́yìn, ó fẹ́ bá ọjà àárọ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká na ọwọ́, ọkọ̀ dúró. Ó fi ìka kan gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

"Màdáámù, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀!"

Ìyá tẹ bọ́tìnì. Gíláàsì ò mira. Ó tún un tẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣàpèjúwe pé kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gíláàsì ọ̀hún dúdú, ẹni tó wà níta ò rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ohùn òṣìṣẹ́ náà wá ń le sí i, ìyá ṣe ohun tó kàn án láti ṣe: ó ṣílẹ̀kùn lójijì. Òṣìṣẹ́ fò sẹ́yìn, ìbọn kúrò ní èjìká bọ́ sí ọwọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Gíláàsì ló bàjẹ́ o!"

Wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n rí gààrí, wọ́n ní kó máa lọ. Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n lórí títì títí òun fi dé Ìlaró. Èyí tó tún dùn ún jùyẹn lọ ni pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú gan-an ló náwó sí gíláàsì yẹn. Wọ́n ní mọ́tò kékeré inú ilẹ̀kùn ti kú, wọ́n ní kó lọ ra Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Ó rà á. Wọ́n fi sí i. Gíláàsì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún dákẹ́.

Ọmọkùnrin rìwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, nítòsí gáréèjì Ìlaró ló wá bá a rí àrùn náà. Kò tú ilẹ̀kùn rárá. Ó fa rọ́bà dúdú tó wà láàrin ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ìka tọ́ wáyà kan tó ti já. Mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ò ní àrùn. Èyí tí wọ́n yọ jù sílẹ̀ pàápàá ò ní.

Irú ọ̀ràn yìí pọ̀ ní ilẹ̀ Yewa, àwọn tó sì ń jìyà rẹ̀ kì í ṣe olówó. A máa ń ra páàtì kí a tó mọ ohun tó bàjẹ́. Ìdánwò tó yẹ kó ṣáájú owó, a fi ń kẹ́yìn owó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà iná gíláàsì ọkọ̀ kò gùn, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì kọjá ohun tí ẹni tó ní ọkọ̀ lè ṣe ní iwájú ilé ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

Ọkọ̀ tó ti ìlú òkèèrè wá

Ilẹ̀ Yewa, tí ayé ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, ilẹ̀ ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ti ré Ìdí-Ìrókò kọjá ti bọ́ sí Ìgolò ní orílẹ̀-èdè Benin. Àjàṣẹ́ ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Kútọnu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kútọnu ni wọ́n ti ń sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà kalẹ̀, ojú títì wa níhìn-ín sì wà lára ibi tí wọ́n ń gbà wọlé.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2019 wọ́n ti ẹnubodè pa. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí Ìdí-Ìrókò ṣí padà. Àmọ́ ọkọ̀ tó ti wọlé ti wọlé. Àwọn ni wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Poli Ìlaró, tí wọ́n ń kó iṣu bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n ń gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń dàgbà síwájú sí i, owó tí ẹnìkan ì bá sì fi pààrọ̀ wọn kò sí nílẹ̀.

Àwọn tòkunbọ̀ mìíràn tilẹ̀ ti mu omi kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ìjì Sandy kọlu New York àti New Jersey ní 2012, àti nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní oṣù Kẹjọ 2017, ọkọ̀ rẹpẹtẹ ló rì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń tà ní gbàǹjo. Wọ́n á nù ún, wọ́n á fọ àga rẹ̀, á máa dán. Omi tó ti wọ inú ìdè wáyà lábẹ́ ilẹ̀kùn ò bá wọn gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni ìpáta á tó jẹ wáyà já, ní ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ tiwa náà ń fi tirẹ̀ kún un. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá ti wà ní Ìbèsè láti 2012, tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀. Ọ̀nà oko wa, erùpẹ̀ pupa ni. Bí ọyẹ́ bá dé, ekuru a gun orí ohun gbogbo, a sì rọra wọ inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà lọ sókè sódò. Gíláàsì á máa le lọ́wọ́, mọ́tò á máa jà, iná tí mọ́tò ń fà á máa pọ̀ sí i.

Ẹ wá fi ti ibùdó àyẹ̀wò kún un. Láàrin Ìdí-Ìrókò àti Ìlaró, aṣọ́bodè wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn ìmígíréṣọ̀n wà níbẹ̀. Ní ìlú mìíràn, ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ rẹ̀ dára lè lo ọ̀sẹ̀ kan láì sọ gíláàsì kalẹ̀. Níhìn-ín, awakọ̀ kérò kan ní òun kì í ka iye ìgbà tí òun ń tẹ bọ́tìnì náà lójúmọ́ mọ́. Tí gíláàsì bá tún wá dúdú, ọ̀ràn òfin ti wọ̀ ọ́, nítorí láti 1991 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí gíláàsì ọkọ̀ dúdú. Gíláàsì dúdú tí kò wálẹ̀ ní ibùdó àyẹ̀wò lè mú ewu dání fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ẹni tó wà níta.

Láti bọ́tìnì dé gíláàsì

Ní 1940, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tí ń sọ gíláàsì ara rẹ̀ kalẹ̀ jáde, agbára òróró inú páìpù ni wọ́n lò. Iná ló ń ṣe é lónìí.

Iná ń jáde láti bátìrì, ó ń gba inú fíúùsì kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rílè kan wà tó ń ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló ń dé bọ́tìnì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, èyí tí àwọn rìwáyà ń pè ní máásítà súìṣì. Láti ibẹ̀ ló ń lọ sí súìṣì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kó tó kan mọ́tò kékeré tó ń yí irin wáìndà tó gbé gíláàsì dání. Iná ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí ara ọkọ̀, ìyẹn áàtì. Bí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní lọ rárá.

Wáyà méjì péré ló ń wọ inú mọ́tò kékeré yìí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì dà bí àwọn agégẹdú méjì tó di ayùn kan mú nínú igbó: bí ẹni ọ̀tún bá fà, ẹni òsì á jọ̀wọ́, ayùn á lọ sọ́tùn-ún, bí ẹni òsì bá fà, ó di òdìkejì. Bí a bá tẹ bọ́tìnì sókè, súìṣì á gbé iná fún wáyà kan, á fi ìkejì sí áàtì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, á yí wọn padà. Bí ọwọ́ bá kúrò lórí bọ́tìnì, méjèèjì á padà sí áàtì, gíláàsì á dúró.

Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí gíláàsì kan fi lè máa lọ sókè tí kò ní wálẹ̀. Mọ́tò tó lè gbé gíláàsì sókè kì í ṣe mọ́tò tó kú. Súìṣì tàbí wáyà ni kí á lọ bá.

Ẹ má tíì tú nǹkan kan

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò gba irinṣẹ́ kankan, èmi sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń fò.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn. Ẹ wo ara máásítà súìṣì: bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó ń ti gíláàsì àwọn èrò pa kí ọmọdé má baà ṣeré sí i. Rìwáyà kan ní Ayétòrò sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wá bá òun pé gíláàsì mẹ́ta bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó jẹ́ pé ọmọ ló tẹ bọ́tìnì yẹn. Ó ní òun kì í gba owó lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán gbogbo gíláàsì wò. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ẹ lọ sídìí fíúùsì, rílè àti iná tó ń dé máásítà. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá dákẹ́, ẹ fi súìṣì ti awakọ̀ dán an wò, kí ẹ tún fi èyí tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn gan-an dán an wò. Bí ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ tí ìkejì kò ṣiṣẹ́, mọ́tò ti bọ́ nínú ẹ̀sùn.

Bí àwọn méjèèjì bá kọ̀, ẹ tan iná àárín òrùlé ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú díẹ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì gíláàsì kí ẹ sì máa wo iná náà. Bí ó bá rẹlẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, iná ń dé mọ́tò, ohun kan ló dì í mú: wáìndà ti há, tàbí ekuru ti di rọ́bà. Bí iná òrùlé ò bá mira rárá, ọ̀nà ti já níbì kan. Àyẹ̀wò tí kò náni ní kọ́bọ̀ ti pín iṣẹ́ sí méjì yẹn.

Ẹ fi etí yín sí ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Bí mọ́tò bá ń kùn tí gíláàsì ò lọ, wáìndà ti já. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ bọ́tìnì léraléra, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ mọ́tò gíláàsì ní ohun kan nínú tó ń pa á fúnra rẹ̀ bí ó bá ti gbóná jù, tó sì ń jẹ́ kó padà ṣiṣẹ́ bí ó bá tutù.

Fíúùsì, tẹ́sítà àti gílóòbù

Ìwé ọkọ̀ tàbí àwòrán tó wà lẹ́yìn ìdérí àpótí fíúùsì ló ń sọ èyí tó jẹ́ ti gíláàsì. Àwọn fíúùsì pẹlẹbẹ tí à ń lò báyìí ní àwọ̀ tí gbogbo ayé jọ ń lò: yẹ́lò ni ti áńpù 20, èyí tó mọ́ gaara ni ti 25, aláwọ̀ ewé ni ti 30. Ti gíláàsì sábà máa ń wà láàrin àwọn mẹ́ta wọ̀nyí.

Tẹ́sítà tí rìwáyà ń kì sí àpò ẹ̀yìn ló tó. Ẹ fi ẹnu kílíìpù rẹ̀ kọ́ irin ara ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà. Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ kan orí bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kan ojú irin kékeré méjèèjì tó wà lórí fíúùsì. Bí méjèèjì bá tàn, fíúùsì dára. Bí ẹyọ kan bá tàn, fíúùsì ti jó. Bí kò sí èyí tó tàn, iná ò dé ibẹ̀ rárá; ó lè jẹ́ rílè, ó sì lè jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ò tíì yí dé ibi tó yẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fíúùsì tó jó. Bí ẹ bá fi òmíràn sí i tó tún jó, ẹ má ṣe fi èyí tó tóbi jù ú lọ, ẹ má sì ṣe fi wáyà tàbí bébà inú páálí sìgá dì í. Mo ti rí i lójú ara mi, ó sì máa ń bí mi nínú. Fíúùsì jó kí wáyà má baà jó ni. Wáyà tí ń jó nínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ ò wálẹ̀, ó yẹ kí á ronú sí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Bí fíúùsì bá dára, ẹ lọ sí ilẹ̀kùn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ fi súkúdúráfà tí ẹ ti fi aṣọ wé lẹ́nu ṣí ike inú ilẹ̀kùn. Bí gíláàsì bá wà lókè, ẹ fi téèpù tó lágbára dè é mọ́ férémù kó má baà já lé yín lọ́wọ́. Wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tí ẹ bá rí nínú ilẹ̀kùn, ẹ má fi tẹ́sítà kàn án: ti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ báàgì afẹ́fẹ́ nígbà ìjàǹbá ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wá yọ ẹnu wáyà tó wọ mọ́tò, kí ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi wáyà méjì so gílóòbù iná iwájú kan, kí ẹ ki ẹnu wọn sínú ihò méjèèjì ẹnu wáyà náà, kí ẹnìkejì máa bá yín tẹ bọ́tìnì. Ó gbọ́dọ̀ tàn rekete bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sókè, kó sì tàn bákan náà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí ó bá tàn ní ọ̀nà méjèèjì, iná pé, mọ́tò ló kù. Bí kò bá tàn, tàbí tó ń tàn bàìbàì, ẹ gbàgbé mọ́tò, ẹ máa tọ wáyà padà sẹ́yìn.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni nípa iná ní Poli Ìjọba Àpapọ̀ Ìlaró ló ṣàlàyé fún mi ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ gílóòbù. Ó ní mítà fúnra rẹ̀ kì í fa iná kan lọ títí. Wáyà tó ku ẹyọ irun kan ṣoṣo tí kò tíì já, mítà á kàn án, á sọ fún yín pé fóòtì 12 wà níbẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá fẹ́ fa áńpù márùn-ún gba orí irun kan ṣoṣo náà, kò ní kọjá. Gílóòbù iná iwájú tí wọ́n kọ wáàtì 55 sí lára ń fa áńpù mẹ́rin àti ààbọ̀. Ó ń bá wáyà wí bí mọ́tò ṣe máa bá a wí.

Ẹni tó bá ní mítà náà ní ohun tí yóò fi ṣe. Bátìrì tó yó gbọ́dọ̀ fi fóòtì 12.6 hàn nígbà tí ọkọ̀ kú, kó sì wà láàrin 13.8 àti 14.4 nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá ẹnu wáyà padà sí mọ́tò, ẹ fi ẹsẹ̀ pupa mítà sórí bátìrì, kí ẹ rọra ki ẹsẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìn ẹnu wáyà sí èyí tó ń gbé iná wọ mọ́tò, kí ẹ tẹ bọ́tìnì. Iye tí mítà bá fi hàn ni iná tó sọnù lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti kọjá ìdajì fóòtì dáadáa, ìpáta ti jẹ nǹkan níbì kan, tàbí ojú súìṣì ti jó.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Gíláàsì awakọ̀ tó ń lọ sókè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mọ́tò rẹ̀ lè ní wáyà tó ju méjì lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń ronú fún un. Ẹ má ki iná bátìrì bọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Irú gíláàsì yìí náà ló máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ bí a bá ti yọ bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí ẹ bá gbé e sókè pátápátá tí ẹ sì di bọ́tìnì mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, á rántí. Ọ̀pọ̀ ló ti san owó nítorí èyí.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn

Mo ní kí rìwáyà ọmọ Ìlaró yẹn fi hàn mí lára ọkọ̀ mìíràn tó wà níwájú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn dé òpin, ó fi èékánná tú etí rọ́bà náà kúrò ní ara ọkọ̀, ó sì fà á sẹ́yìn.

Ìdè wáyà náà nípọn tó àtàǹpàkò. Lójú títẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, ike ara wáyà méjì ti là yípo. Bàbà inú ọ̀kan ti di àwọ̀ ewé. Ó fi ìka kan kàn án bẹ́ẹ̀ lásán, irun bàbà náà sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ekuru àwọ̀ ewé ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní kí n wo wáyà kejì. Ike rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó fà á díẹ̀, ó gùn bí rọ́bà, torí kò sí bàbà nínú rẹ̀ mọ́.

"Ilẹ̀kùn awakọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Òun ni wọ́n ń ṣí jù."

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń tún un ṣe ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá kàn fi wáyà lọ́ wáyà, tí wọ́n fi téèpù dì í nínú rọ́bà yẹn, ibẹ̀ náà ló tún máa já. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi wáyà tó rọ̀, tó nípọn bí ti àtijọ́, gùn ún. Kí ojú ìsopọ̀ wà nínú ilẹ̀kùn tàbí nínú ara ọkọ̀, níbi tí kò ti ní tẹ̀, kí wọ́n sì fi òjé jó o pọ̀. Ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ bèèrè.

Súìṣì tí wọ́n pè padà

Ní oṣù Kẹwàá 2012, Toyota kéde pé kí àwọn tó ní ọkọ̀ mílíọ̀nù 7.43 káàkiri ayé gbé ọkọ̀ wọn padà wá nítorí ohun kan ṣoṣo: máásítà súìṣì gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Gíríìsì inú rẹ̀ kò kárí nígbà tí wọ́n ṣe é, bọ́tìnì lè máa há, súìṣì sì lè gbóná títí táá fi rú èéfín. Camry 2007 sí 2009 wà lára wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2015, wọ́n tún pe mílíọ̀nù 6.5 mìíràn padà nítorí súìṣì kan náà.

Camry 2007 yẹn ni à ń pè ní Muscle. Ẹ dúró sí ìkóríta kan ní Ìlaró kí ẹ ka iye tó kọjá.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ọkọ̀ gba lẹ́tà, ó gbé e lọ, wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n fi gíríìsì tó ń gba ooru sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà ọ̀hún ò tẹ̀lé ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn rìwáyà tí mo bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ohun tí Toyota gan-an kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe: bí bọ́tìnì bá há, wọ́n á fọ́n òróró agolo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì sínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ ní gbangba pé irú òróró bẹ́ẹ̀ lè mú kí ike inú súìṣì yọ́, kó rú èéfín, kó sì gbiná.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní igun ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn. NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà yìí sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń sọ bóyá àtúnṣe kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe sí ọkọ̀ náà.

Àmì tí ẹ lè fi ojú rí ni pé bọ́tìnì kò rọrùn tẹ̀, ó ń há tàbí ó ń dún ṣákáṣáká. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ike tó ń jó nídìí rẹ̀, ẹ yọ fíúùsì gíláàsì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ súìṣì.

Ta ló ń kọ́ wọn?

Mi ò kọ èyí láti bú àwọn rìwáyà wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ tí ọ̀gá wọn sì mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa gíláàsì rẹ̀. Ọkọ̀ yí padà lójú wọn, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n jókòó láti ṣàlàyé.

Ilẹ̀ tí a sì ń sọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ aláìmọ̀wé. Ní 1963 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard, kí ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Poli Ìlaró ti wà láti 1979, ó ní ẹ̀ka iná, ó ní ẹ̀ka ẹ̀rọ. Olùkọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ gbà pé ọ̀nà láti ẹnu géètì Poli sí ibi iṣẹ́ àwọn rìwáyà kò jìnnà, àmọ́ àwọn méjèèjì kì í sábà rí ara wọn. Ó ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì ti tó láti kọ́ rìwáyà bí wọ́n ṣe ń wọn iná tó sọnù lójú ọ̀nà. Mo gbà á gbọ́. Mo sì rò pé ẹgbẹ́ àwọn rìwáyà ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn náà, kí Poli má sì jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ níta.

Ní ti àwa tó ni ọkọ̀, ìbéèrè kan ló yẹ kí á máa bi rìwáyà kí á tó náwó: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mọ́tò ni?" Ẹni tó ti dán an wò yóò fi gílóòbù rẹ̀ hàn yín. Ìyá oníṣòwò gààrí ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè bèèrè bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń dá ilẹ̀kùn padà

Nǹkan mẹ́ta ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ti ike ilẹ̀kùn padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ike yẹn, tí ọ̀pọ̀ rìwáyà ń ya dànù, iṣẹ́ ló ń ṣe. Òjò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn ló ń dá dúró kó má baà kan súìṣì àti ẹnu wáyà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn: ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi ń gbà jáde, ekuru àti ẹrẹ̀ ọ̀nà wa sì máa ń dí wọn. Ẹ fi igi tín-ín-rín tú wọn. Rọ́bà tí gíláàsì ń gbà, omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ́n sílíkóònù sí i. Gíríìsì àti òróró ẹ́ńjìnnì ń jẹ rọ́bà ni.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ọmọdé. Nígbà tí ẹ bá ń dán gíláàsì wò, kò gbọdọ̀ sí ọmọ nínú ọkọ̀. Mọ́tò tó lè gbé gíláàsì tó wúwo sókè kò mọ ọwọ́ tàbí ọrùn yàtọ̀. Àwọn ọmọ kan kú ní Amẹ́ríkà nítorí pé orúnkún wọn tẹ bọ́tìnì nígbà tí wọ́n yọ orí síta, òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2005 ló sì mú kí ọkọ̀ tuntun máa lo bọ́tìnì tí a ní láti fi ìka fà sókè kí gíláàsì tó gòkè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dàgbà jùyẹn lọ ṣì wà lójú títì wa. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa fi bọ́tìnì ìtìpa tó wà lára máásítà ti gíláàsì ẹ̀yìn pa nígbàkúùgbà tí ọmọ bá wọlé, kí ẹ sì máa yọ kọ́kọ́rọ́ dání bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.